Ọmọ Dúró-ná

"Dúró ná."

Obìnrin kúkúrú tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ló sọ ọ́, Géńdé sì dúró lóòótọ́. Ọmọkùnrin yìí ga débi pé ó ní láti tẹ orí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà wọlé, síbẹ̀ ṣe ló ń fọwọ́ ra ọwọ́ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án ní sáà kan ṣoṣo, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń fi mẹ́fà sunkún.

"Mẹ́sàn-án? Ìgbà wo lo fẹ́ máa sùn?"

"Mà, èmi kì í sùn púpọ̀."

"Mo rí i lójú rẹ. Ó ti pọ́n koko."

"Olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa omi ti gbà kí n ṣe tiwọn mọ́ ọn, mà. Wọ́n ní kí ẹ ṣí i fún mi."

Obìnrin náà kò bá a jiyàn. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó pe olùkọ́ náà lójú ọmọkùnrin yìí. Ohùn olùkọ́ jáde ketekete pé òun kò gbà, òun kò sì ní gbà. Géńdé wolẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ni yóò bá a dáhùn. Obìnrin náà yọ kọ́ọ̀sì mẹ́ta dànù nínú mẹ́sàn-án, ó ní kó lọ jẹun, kó lọ sùn. Ọmọkùnrin náà kùn jáde.

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ilé àti afárá ní yunifásítì náà ló gbọ́dọ̀ gba iwájú tábìlì yìí kọjá. Iṣẹ́ obìnrin náà ni láti wo ohun tí kálukú ti gbé, kó sì wo ohun tí èjìká rẹ̀ ṣì lè gbà. Olùdámọ̀ràn ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n Dúró-ná ni gbogbo wọn ń pè é. Èébú ni wọ́n fi orúkọ náà ṣe, òun sì ń dáhùn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọmọbìnrin kan jókòó, ó ń retí kí iṣẹ́ parí kí wọ́n jọ máa lọ sílé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Dúró-ná ni. Láti ọjọ́ tí ìyá ọmọ náà ti kú ni Dúró-ná ti gbà á tọ́, ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè sọ pé kì í ṣe òun ló bí i. Iṣẹ́ ẹnjiníà kan náà ni ọmọ yìí ń kọ́, ó wà ní ọdún kejì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tiẹ̀ fún un ní orúkọ mìíràn: Ọmọ Dúró-ná ni wọ́n ń pè é.

"Àǹtí, ẹ ti le jù," ó sọ bí Géńdé ṣe jáde tán. "Ẹ jẹ́ kó gbé e, bó bá wúwo, á sọ ọ́ kalẹ̀."

"Tó bá ti já lù ú lẹ́sẹ̀ ńkọ́?" Dúró-ná bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Mo bi ọ́, ìwọ ẹnjiníà. Tí wọ́n bá ń kọ́ ilé alájà, ṣé wọ́n á da kọnkéré òkè nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ṣì tutù?"

"Rárá."

"Kí ló dé?"

"Á wó pa wọ́n ni."

"O ṣeun. Kò sí ohun mìíràn tí mo ti ń sọ láti àárọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí ọmọbìnrin náà, ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kì í ṣòro láti gbọ́.

Nígbà tí èsì ìdánwò sáà tó kọjá jáde, ó kan òun náà. Ó féèlì Ẹ̀kọ́ Agbára. Kọ́ọ̀sì yìí ló ń kọ́ni bí ẹrù ṣe ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ àti ibi tí ìwúwo rẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹni tí kò bá yege níbẹ̀ kò lè ṣe Ẹ̀kọ́ Afárá. Kọ̀ǹpútà ilé ìwé yóò ti kọ́ọ̀sì náà mọ́ ọn, ọwọ́ olùdámọ̀ràn nìkan ló sì lè ṣí i. Kò sí àìsàn tó ṣe ọmọ náà, kò sì sẹ́ni tó yàn án jẹ. Àárọ̀ kùtù ni kíláàsì náà máa ń wáyé, oorun sì dùn. Iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń dà kọ.

Ọ̀rẹ́ náà ni Fáàrí. Ọmọbìnrin tó mọ aṣọ wọ̀, tó sì mọ ìwé, ṣùgbọ́n tí kò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn pa ẹnu mọ́.

"Àwa á ti máa kọ́ afárá," Fáàrí sọ nígbà tí wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn kíláàsì, "ìwọ á wà láàárín àwọn ọmọ ọdún kìíní tó ń ru báàgì bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣé wàá lè gbà bẹ́ẹ̀?"

"Kí ni kí n ṣe?"

"Onígíláàsì ti rìnrìn àjò." Onígíláàsì ni olùkọ́ tó kọ́ wọn ní Ẹ̀kọ́ Agbára. "Sọ fún Àǹtí rẹ pé ó ti tún ìwé rẹ yẹ̀ wò, pé o yege, pé wọn kò tíì gbé e sórí kọ̀ǹpútà ni. Ta ló máa já ọ nírọ́?"

"Wọ́n á pè é. Kò sẹ́ni tí wọn kì í pe olùkọ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Fáàrí rẹ́rìn-ín. "Lórí ọ̀rọ̀ tìẹ? Ọmọ wọn?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọbìnrin náà fi sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní ṣe é. Ní ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí, ó bá ara rẹ̀ níwájú tábìlì Dúró-ná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń pariwo. Ó rọra tẹ̀ síwájú, ó pa irọ́ náà bí Fáàrí ṣe kọ́ ọ, kò fi kún un, kò yọ kúrò nínú rẹ̀.

Dúró-ná nawọ́ mú fóònù rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó gbé ojú sókè wo ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró lórí fóònù.

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, Àǹtí."

"Ó tún ìwé rẹ yẹ̀ wò, o sì yege?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

Obìnrin tí kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ láìpe olùkọ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù. "Ó dára," ó wí. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ilẹ̀kùn Ẹ̀kọ́ Afárá sì ṣí. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ayọ̀ hàn lójú rẹ̀ pé ọmọ òun ti yege. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló wọ ọmọbìnrin náà lára bí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó ní òun á ka Ẹ̀kọ́ Agbára fúnra òun, kò ní sẹ́ni tó máa mọ̀.

Kò kà á. Àyè dà?

Nínú kíláàsì afárá, wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi igi tín-ín-rín kan afárá kékeré tó lè gba odindi búlọ́ọ̀kù kan dúró. Fáàrí gé igi, àwọn méjì yòókù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n ní kí Ọmọ Dúró-ná ṣe ìṣirò ibi tí igi ìdábùú yẹ kó wà. Ojú ń tì í láti sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ó wo ti ẹgbẹ́ kejì, ó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n afárá tiwọn gùn ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ.

Ní ọjọ́ ìdánwò, wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù lé e. Afárá náà dún kẹ́kẹ́, ó tẹ̀ ní àárín, ó sì run wómúwómú sílẹ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó fún ọmọbìnrin náà ní ṣọ́ọ̀kì.

"Wá fi hàn wá lójú pátákó. Ibo ni ìwúwo búlọ́ọ̀kù yìí gbà kọjá?"

Ó fa ìlà kan. Ó pa á rẹ́. Ó tún fa òmíràn.

"Ohun tí mo bi ọ́ yìí, Ẹ̀kọ́ Agbára ni. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún ọ wá síbí?"

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Onígíláàsì ti dé láti ìrìn àjò, wọ́n bi í léèrè, ó ní òun kò tún ìwé ẹnikẹ́ni yẹ̀ wò. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti pe Dúró-ná àti ọmọ rẹ̀ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ẹ̀ka. Ọ̀gá náà jókòó sáàárín, Onígíláàsì wà lápá ọ̀tún, olùkọ́ afárá wà lápá òsì.

"Ẹ̀yin kì í ṣí kọ́ọ̀sì láìpe olùkọ́," ọ̀gá náà sọ fún Dúró-ná. "Ẹ̀yin lẹ tiẹ̀ gbé àṣà yẹn kalẹ̀ ní ẹ̀ka yìí. Ṣé ẹ pe olùkọ́ lórí èyí?"

"Mi ò pè é, sà."

"Kí ló dé?"

Dúró-ná bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ohun tó kù kí ọmọ náà sọ kò ju "Èmi ni mo parọ́ fún wọn" lọ. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó rántí pé wọ́n lè lé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá parọ́ kúrò nílé ìwé. Ó gbé e mì, ó sì ń wo bàtà rẹ̀.

"Mo ní kí ló dé, mà?"

"Àṣìṣe tèmi ni, sà," Dúró-ná dáhùn.

"Àṣìṣe kọ́ nìyẹn," Onígíláàsì já lu ọ̀rọ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ni. Ọmọ ẹlòmíràn ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ ní kó dúró ná. Ọmọ tiyín dé, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè dun obìnrin yẹn tó bẹ́ẹ̀ láyé. Wọ́n gba iṣẹ́ olùdámọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ìsàlẹ̀, sí ẹnu fèrèsé kékeré kan tí wọ́n ti ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìṣèwádìí. Ní ti ọmọbìnrin náà, wọ́n fagi lé Ẹ̀kọ́ Afárá rẹ̀, wọ́n ní kó padà lọ ṣe Ẹ̀kọ́ Agbára. Ìyẹn ni pé gbogbo irọ́ náà kò ju kó gbé e padà síbi tí ì bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Fáàrí gba òdo nítorí afárá tó wó, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọkùnrin kan tí kì í gbójú sókè ni wọ́n fi rọ́pò Dúró-ná. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé wá ló ń tẹ̀ wọlé. Inú gbogbo wọn dùn, wọ́n ní ìtura dé. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, Géńdé gba kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Nígbà tí sáà ń parí lọ, ó dákú nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, wọ́n gbé e jáde. Ìyá rẹ̀ wá kó ẹrù rẹ̀. Ọmọ Dúró-ná rí obìnrin náà ní ẹnu géètì, tó gbá fóòmù ibùsùn ọmọ rẹ̀ mọ́ra, tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá pé, "Ṣé kò sí àgbàlagbà kankan níbí tó lè sọ fún un pé ó pọ̀ jù ni?"

Ọmọbìnrin náà kò lè jẹun ní ọjọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ nínú yàrá ìdáná, níbi tí Dúró-ná ti ń fọ abọ́.

"Àǹtí, irọ́ ni mo pa fún yín. Olùkọ́ kò tún ìwé mi yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka."

Dúró-ná kò yíjú padà. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀? Láti ìgbà wo?"

"Kí wọ́n tó pè wá rárá. Onígíláàsì pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo wọ inú yàrá yẹn, mo ń retí kí o sọ ọ́ fúnra rẹ. Tí o bá sọ ọ́, ǹ bá ti kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n nítorí rẹ." Ó da omi abọ́ nù. "Ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga mi báyìí. Ta lo fẹ́ lọ sọ ọ́ fún?"

"Ẹ forí jì mí, Àǹtí."

"Mo ti forí jì ọ́. Dìde, ilẹ̀ tutù."

Ó forí jì í lóòótọ́. Kò bú u, kò fi oúnjẹ dù ú. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà. Tí ọmọbìnrin náà bá ní òun ń lọ sí òde tí yóò pẹ́, á ní, "Ó dára." Tó bá ní òun kò ní lọ kíláàsì lónìí, á ní, "Ó dára." Nígbà kan, ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé òun fẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀, ó dúró, ó ń retí "Dúró ná", gbólóhùn tí etí rẹ̀ ti gbọ́ kó tó mọ ìwé kà. Dúró-ná wò ó tán, ó ní, "Bó bá jẹ́ ohun tí o fẹ́ nìyẹn, ó dára."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ẹni tó ń dá yín dúró kì í ṣe ọ̀tá yín. Irọ́ lè ṣí ilẹ̀kùn tí ẹ kò tíì tó wọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ pa á fún ni yóò san án. Tí àyè òtítọ́ bá sì yọ, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí òtítọ́ tó bá pẹ́ lẹ́nu kì í lè tún nǹkan kan ṣe mọ́.

Ọmọbìnrin náà padà sí Ẹ̀kọ́ Agbára, láàárín àwọn ọmọ tó ń ru báàgì bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ní àárọ̀ kùtù, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu fèrèsé kékeré náà láti gba kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Ṣé kí n máa lọ?"

Dúró-ná á na kọ́kọ́rọ́ sí i láti inú fèrèsé.

"Máa lọ," á wí. "Ó dára."