Alùpùpù Méjì Tó Ń Lọ Parakou

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Bọ́láwájí, ó kúnlẹ̀ ní àgbàlá Crépin onímọ́tò ní Sakété, ó ń tú ẹsáǹsì inú táńkì alùpùpù rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì.

"Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, màdáàmù. Òórùn rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ yín láṣọ."

"Èmi kì í ṣe màdáàmù ẹnikẹ́ni," mo dá a lóhùn.

"Ọlọ́run ṣeun," ló wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, èmi Ìyániwúrà kì í tètè rẹ́rìn-ín fún ọkùnrin.

Olùkọ́ ni mí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Parakou ni. Bọ́láwájí ń tún fíríìjì ṣe, ó sì ti ríṣẹ́ ní ìlú kan náà. Rẹ̀mọ́ọ̀kì tí Crépin ń so mọ́ ìdí mọ́tò rẹ̀, alùpùpù méjì ló ń gbà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bó bá gbé ẹyọ kan, á máa fì. Bí ẹrù wa ṣe di ọ̀kan nìyẹn.

Crépin sún ọjọ́ ìrìn-àjò síwájú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la sì fi dúró dè é. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Bọ́láwájí wá sílé wa ní Pobè, ó ní òun fẹ́ yẹ bíréèkì mi wò. Kò sí ohun tó ṣe bíréèkì mi. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹrin ló ní òun nífẹ̀ẹ́ mi, mo ní èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. A jọ pinnu pé tí a bá ti fìdí kalẹ̀ ní Parakou la máa sọ fún àwọn ará ilé. Ibẹ̀ la ti ṣìṣe.

Láàárọ̀ tí à ń lọ, alùpùpù Bọ́láwájí ti wà lórí rẹ̀mọ́ọ̀kì kí òun àti Crépin tó dé ilé wa. Wọ́n ti tèmi gòkè, wọ́n fi okùn fà á mọ́lẹ̀ títí iwájú rẹ̀ fi rì. Ni ìyá mi bá jáde. Ẹlẹ́nu bí abẹ ni.

"Ta ló ni ìkejì yẹn?"

"Èmi ni, Màmá." Bọ́láwájí ti dọ̀bálẹ̀.

"Nílé tiwa, ìyàwó nìkan ni wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọkùnrin. Ta ló wá tọrọ ọmọ mi lọ́wọ́ mi? Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Bí ẹrù méjèèjì bá fi lè jọ jáde níbí, kí ẹbí rẹ má wulẹ̀ wá bá mi sọ̀rọ̀ ìyàwó láéláé."

Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ máa bá a jiyàn, àmọ́ Bọ́láwájí ti ń tú okùn alùpùpù rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń sọ tèmi kalẹ̀. Màá gùn ún lọ."

"Dé Parakou?"

"Òótọ́ ni Màmá sọ, olólùfẹ́ mi."

Crépin ní rẹ̀mọ́ọ̀kì á fì. Màmá wọlé, ó ní kí wọ́n wá gbé àpò àgbàdo méjì dí àyè náà.

Bọ́láwájí ra ẹsáǹsì inú ìgò létí títì, ó tẹ̀lé wa. Inú díńgí mọ́tò ni mo tẹjú mọ́. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá bò ó mọ́ mi lójú, àyà mi á já. Nígbà tí a fi dúró sinmi ní Dassa, eruku pupa ti bò ó lójú, kò lè nà ró. Mo sunkún.

"Ṣé inú ń bí ọ sí ìyá mi?"

"Rárá o. Bí a bá bí ọmọbìnrin, ohun tí èmi náà máa ṣe nìyẹn."

Ìrọ̀lẹ́ la dé Parakou. Màmá pè.

"Ṣé ó ti dé?"

"A ti dé, Màmá."

"Inú mọ́tò ni ìwọ wà. Òun ni mò ń béèrè."

"Ó ti dé. Ó nà sílẹ̀ gbalaja."

"Sọ fún un kí òun àtàwọn ẹbí rẹ̀ wá rí mi. Àmọ́ kó má gun nǹkan yẹn bọ̀ o. Kó wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yìn á ti máa dun ọmọ mi."

Mo gbé fóònù sí Bọ́láwájí létí, kó lè gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.