Oorun Inú Ọkọ̀ Ìgẹrun

Kò sẹ́ni tó ń jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ yìí tí kì í sùn. Inú bọ́ọ̀sì kan tó sọ di ṣọ́ọ̀bù ló ti ń gẹ irun, ó sì máa ń fi oorun àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe fáàrí.

"Ọwọ́ mi ló rọ̀," á wí. "Ẹni tó bá ti kan orí rẹ̀, àfi kó sùn."

Àwa tí à ń kọ ìtàn yìí kò lè bá a rẹ́rìn-ín, torí a mọ ohun tó ń mú oorun kùn wọ́n.

Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì náà ni jẹnẹrétọ̀ oní-dísù wà, nínú àpótí irin kan. Pákó lásán ló pín in níyà kúrò ní ibi tí àga wà. Òun ló ń gbé iná fún ẹ̀rọ ìgẹrun àti ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí náà wọn kì í ṣí ilẹ̀kùn. Télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ti ráhùn pé ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ. Onígbàjámọ̀ kì í fẹ́ ìjà. Ó gé fọ́ọ̀mù ìbùsùn àtijọ́, ó fi dí gbogbo ihò ara àpótí náà. Kí èéfín má baà ba aṣọ télọ̀ jẹ́, ó tún yí ìdí ọkọ̀ sí ògiri ilé kan pẹ́kípẹ́kí. Àárín òun àti télọ̀ wá dùn bí oyin.

Ẹ̀bá pákó yẹn gan-an ni ìyàwó rẹ̀ ń jókòó sí, tó ń ká táwẹ́ẹ̀lì. Oyún rẹ̀ ti hàn dáadáa.

"Orí tún ti ń fọ́ mi," ló wí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Oyún ni. Fara balẹ̀, ìyá ọmọ mi."

"Kí ló dé tí kì í fọ́ mi tí mo bá wà nílé?"

"Torí o kì í ká táwẹ́ẹ̀lì nílé."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fọwọ́ di iwájú orí mú. Ẹ̀rù ti ń bà á. Láti ìjẹta, ọmọ inú rẹ̀ kò yí bó ṣe máa ń yí, òun kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí oòrùn mú lọ́jọ́ náà, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lórí àga, ó ń hanrun. Obìnrin panápaná kan tó fẹ́ gẹ irun wọlé, ó jókòó de ìgbà tó máa kàn án. Ó wo tíṣà, ó wo ìyàwó tó ń tòògbé pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́.

"Ṣé bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń sùn níbí nìyí?"

"Ọwọ́ mi ló fà á, àǹtí. Ó máa kàn yín náà."

"Orí ò fọ́ ìwọ náà?"

Onígbàjámọ̀ fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀. Ó ti ń fọ́ ọ láti àárọ̀, ebi ló rò pé ó fà á.

Panápaná ti ṣí ilẹ̀kùn kó tó dáhùn. "Pa jẹnẹrétọ̀ yẹn. Gbogbo wa, ó yá, ìta."

"Orí bàbá ò tíì parí o, ó ku apá kan."

"Pa á ná, kó o wá jí wọn, ká wò ó."

Ó sáré pa á, ó padà wá gbọn tíṣà léjìká. Ó pè é, ó tún gbọ̀n ọ́n. Orí bàbá náà kàn ń yí síbí yí sọ́hùn-ún. Àwọn méjèèjì gbé e sí ìta, wọ́n padà wá mú ìyàwó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè gbé e mọ́. Télọ̀ gbé ẹní sáré wá. Panápaná pe ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn.

"Àmọ́ mi ò rí èéfín nínú ọkọ̀," onígbàjámọ̀ ń wí. "Dísù ni mò ń lò. Ti pẹtiróòlù ni mo gbọ́ pé ó ń pa èèyàn."

"Gbogbo ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo ló ń tú afẹ́fẹ́ olóró yẹn jáde. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, o ò lè rí i. Tún wo fọ́ọ̀mù tí o fi dí ibi tó fi ń mí. Epo ò ní jó tán, olóró náà á sì pọ̀ sí i. Ògiri yìí ń dá a padà, ó ń gba abẹ́ pákó wọlé wá bá yín."

"Ọmọ mi ńkọ́?" ni ìyàwó bi í. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa.

Panápaná kò parọ́ fún un. "Ó máa ń wu ọmọ inú léwu ju ìyá lọ. Ìdí nìyẹn tá a fi ń kánjú."

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi atẹ́gùn mímí sí tíṣà àti ìyàwó nímú. Tíṣà lajú, ó fọwọ́ kan orí, ó béèrè ta ló fá òun dé ìdajì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ń wá ọkàn ọmọ lórí ikùn ìyàwó. Ó gbé ẹ̀rọ síbí, kò gbọ́ nǹkan. Ó gbé e sọ́hùn-ún. Onígbàjámọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù bà á débi pé àdúrà kankan kò wá sí i lẹ́nu.

Ìgbà tó yá, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbì, gbì, gbì, kíákíá.

"Ó ń lù," ni nọ́ọ̀sì wí. Onígbàjámọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ọkọ̀, yálà irun lẹ ń gẹ̀ tàbí fọ́tò lẹ ń yà, ẹ gbọ́. Ẹ má dí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ láé, ariwo ì báà pọ̀ tó. Kí páìpù èéfín rẹ̀ jáde pátápátá sí ìta, kó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ má sì kọjú rẹ̀ sí ògiri. Ẹ máa yẹ oríkèé páìpù náà wò. Èyí tó bá ń jò, àkísà kọ́ ni wọ́n ń fi wé e, wẹ́dà ni wọ́n ń gbé e fún. Ẹ yẹ ọ́ìlì wò kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ máa pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́ àti asẹ́ dísù, ẹ pa á kó tutù kí ẹ tó rọ epo sí i. Wọ́n ń ta ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké bí afẹ́fẹ́ olóró bá wà nítòsí, ẹ fi ọ̀kan kọ́ sínú ọkọ̀. Bí orí bá sì ń fọ́ yín nínú ọkọ̀, tó ń fúyẹ́ nígbà tí ẹ bá jáde, ẹ má sọ pé oyún ni, ẹ má sọ pé ebi ni. Ẹ jáde, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Onígbàjámọ̀ ṣì wà lójú kan náà. Ó ti yọ fọ́ọ̀mù, ó ti yí ìdí ọkọ̀ kúrò lára ògiri, páìpù rẹ̀ ti ga ju òrùlé ọkọ̀ lọ. Ariwo ti padà, télọ̀ kò sì ráhùn mọ́. Bí oníbàárà bá tòògbé lórí àga rẹ̀ báyìí, á dá iṣẹ́ dúró, á fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ẹ dákun, ẹ bá mi sọ̀rọ̀," á wí. "Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ máa sùn."