Ọkọ̀ Àṣá Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Ẹ̀rọ Ata

Ọkọ̀ tó yára jù lábẹ́ ọ̀run, ọkọ̀ tó lè gbéra ní Ṣakí kó dé Kánò kí ẹni tó fẹ́ sín tó sín tán, ọkọ̀ yẹn náà ló na gbalaja sínú eruku lẹ́bàá ọ̀nà, tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rọ ata. Kò mira. Ọkọ ìyàwó tó wà nínú ẹ̀ ń làágùn débi pé wọ́n lè fi òógùn ẹ̀ bomi rin oko ẹ̀gẹ́ éékà méjì. Agogo mọ́kànlá ààbọ̀ ti lù. Tó bá di méjìlá, kò níyàwó mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú un látìbẹ̀rẹ̀, kó má baà dà bíi pé wọ́n ń parọ́ mọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Ayé ìgbà náà, ayé ọ̀pọlọ irin ni. Ọ̀pọlọ irin ni wọ́n ń pe nǹkan tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ kó lè gbọ́n. Abọ́ ń fọ ara ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ń rán ẹ létí àlá tó o lá tó o gbàgbé. Ilẹ̀kùn ò ní ṣí fún ẹ títí á fi béèrè bóyá o ti jẹun. Àwọn èèyàn ti ń gbé orí òṣùpá, wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Èbúté òfurufú tí wọ́n kọ́ sí Ṣakí wá fẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn yí i ká, á bímọ lójú ọ̀nà, ọmọ yẹn ló máa bá a rìn ín parí.

Ibẹ̀ ni Olágòkè sọ̀kalẹ̀ sí ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni. Ọdún méje ló lò lórí òṣùpá kí Màmá Àbọ̀sẹ̀dé, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀, tó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ fà á létí wálé wá gbéyàwó. Fadérera ni wọ́n ń pe ìyàwó. Àwọn ẹbí ẹ̀ ti jókòó sí Ilé-Ìtura Ìfarabalẹ̀ láàárín ìlú, wọ́n ń retí. Bàbá Fadérera, Olóyè Oyèkúnlé, ti sọ ọ̀rọ̀ kan tí ò ní ẹ̀yìn:

"Tí agogo méjìlá bá lù tí ọmọ yẹn ò tíì dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, kó padà sórí òṣùpá, kó lọ fẹ́ òkúta."

Máìlì méjìlá ló wà láti èbúté dé ilé-ìtura. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí èèyàn lè gbà débẹ̀. Èkíní ni títì arìn, títì tó ń rìn fúnra ẹ̀, tó o kàn máa dúró lé lórí. Ó dáa, ṣùgbọ́n ó ń rọra rìn bí aboyún, wákàtí mẹ́ta ni. Èkejì ni bọ́ọ̀sì Bàbá Mùdá. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni bọ́ọ̀sì náà, okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn ẹ̀, ó sì ń rùn bí òbúkọ tí òjò pa. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ àṣá, tí Olágòkè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe lórí òṣùpá tó sì gbé bọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n parí ẹ̀. Ọ̀dà ara ẹ̀ ò tíì gbẹ.

"Gòkè, bọ́ọ̀sì yìí ni ká wọ̀," Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Màmá, èwo? Èyí tó ń wúkọ́ yìí?"

"Èmi náà ń wúkọ́, mo sì ń dé ibi tí mò ń lọ."

"Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni àṣá máa lò, mà."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Èmi tí mo ṣe é ni."

"Ó dáa. Ìwọ lo ṣe é. Gbogbo èyí tó wà lójú ọ̀nà ńkọ́? Ìwọ náà lo ṣe wọ́n?"

Olágòkè rẹ́rìn-ín. Màmá ká ìró ẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì. Ó yọrí lójú fèrèsé.

"Má pẹ́ o! Olóyè yẹn, àtọdún tó kọjá tó já látorí àpáta tí wọ́n ṣe ẹsẹ̀ irin tuntun fún un, tínú bá ń bí i, ńṣe ló ń fò bí ìrẹ̀."

Bọ́ọ̀sì wúkọ́, ó gbéra. Olágòkè wọ àṣá. "Ilé-Ìtura Ìfarabalẹ̀," ó ní. "Fò!"

Àṣá gbéra nílẹ̀ fìrì. Kò tíì ga tó igi ìbẹ́pẹ tó tún balẹ̀, tó sì da àyà délẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀sì Bàbá Mùdá.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá," àṣá kí bọ́ọ̀sì.

"Káàárọ̀, ọmọ mi," bọ́ọ̀sì dáhùn. "Wàá dàgbà." Ó tú èéfín sí i lójú, ó lọ.

"Kí lo ń ṣe?" Olágòkè pariwo.

"Òfin Ọ̀wọ̀ ni, ọ̀gá," àṣá dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Orúkọ yín wà nísàlẹ̀ ẹ̀."

Yéè! Olágòkè di orí mú. Ó ti gbàgbé.

Ọdún méje ṣáájú, ẹyẹ irin kan tó ń gbé lẹ́tà kiri fò kọjá lórí Olóyè Oyèkúnlé, afẹ́fẹ́ ẹ̀ sì ṣí fìlà Olóyè dànù níwájú gbogbo ìlú. Bí Olóyè ṣe délé, ó pe àwọn àgbà, ó pe àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ó ní ẹ̀rọ tí ò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé, ẹran ìgbẹ́ ni. Ó ní kí wọ́n kọ́ gbogbo wọn lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Olágòkè ló dìde nígbà yẹn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ ò ní ojú inú. Ọjọ́ orí nìkan ló lè kà. Àwa èèyàn mọ ìgbà tó yẹ ká kí àgbà ká máa lọ. Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ ọmọ àná yìí lo fẹ́ kọ́ mi ní ìkíni?" Olóyè bi í. "Ṣé o máa ṣe é àbí o ò ní ṣe é?"

Olágòkè fẹ́ jiyàn, àmọ́ Fadérera gbé omi wọlé fún bàbá ẹ̀. Ojú méjèèjì pàdé. Iyàn tán. Láàárín ọjọ́ méje, ó ti ṣe é tán: gbogbo ẹ̀rọ ìlú, ńlá àti kékeré, èyí tó ń sọ̀rọ̀ àti èyí tí ò lẹ́nu, ló gba òǹtẹ̀ ọjọ́ ìbí; èyí tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, dandan ni kó gbà á. Èyí tó kéré gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún èyí tó dàgbà jù ú lọ. Kò gbọdọ̀ gba orí àgbà fò kọjá. Kò sì gbọdọ̀ dìde títí àgbà á fi fi ohùn ara ẹ̀ dá a lóhùn. Lọ́sẹ̀ kejì, Olágòkè gba òṣùpá lọ. Kò mọ ohun tí ìlú ń fojú rí lẹ́yìn ẹ̀.

Ọkọ̀ tó dé ayé láàárọ̀ yẹn wá di àbúrò gbogbo ayé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún kẹ̀kẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rọ ìgégi. Ó dọ̀bálẹ̀ fún aago ọwọ́ obìnrin kan tó ń kọjá lọ. Ó bá ọkọ̀ ìkódọ̀tí pàdé, tìyẹn wá gùn, torí ọkọ̀ ìkódọ̀tí fẹ́ràn ọ̀rọ̀.

"Mi ò mọ̀ ẹ́," ọkọ̀ ìkódọ̀tí sọ. "Ọmọ ilé ta ni ẹ́?"

"Ọmọ òṣùpá ni mí, sà."

"Òṣùpá! Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Kò sí ìyá, sà. Òòlù ló bí mi."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ òrukàn. Ṣé o ti jẹun?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!" Olágòkè ń lu gíláàsì. "Mò ń lọ gbéyàwó!"

"Ta nìyẹn tó ń já lu ọ̀rọ̀ àgbà?" ọkọ̀ ìkódọ̀tí béèrè, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ìkíni látìbẹ̀rẹ̀.

Olágòkè ní òun máa bọ́ sílẹ̀ sáré. Ilẹ̀kùn kọ̀. "Ọ̀gá," àṣá sọ fún un, "èèyàn kì í dìde nínú ẹni tó dọ̀bálẹ̀."

Bí wọ́n ṣe dé ìsọ̀ Ìyá Sìdíkátù nìyẹn. Nínú gbogbo ìlú, òun nìkan ló ṣì ń fi ẹ̀rọ ata àtijọ́ lọ ata. Ogóje ọdún ni ẹ̀rọ náà. Bàbá ìyá-ìyá ẹ̀ ló rà á. Kò lẹ́nu, kò ní ọ̀pọlọ, ó kàn ní òǹtẹ̀ lọ́rùn bí ewúrẹ́. Àṣá rí òǹtẹ̀ yẹn, ó na gbalaja, ó ń dúró de èsì. Báwo ni ẹ̀rọ tí ò lẹ́nu ṣe fẹ́ fèsì?

Ìgbà yẹn ni Màmá Àbọ̀sẹ̀dé pè é lórí fóònù. "Gòkè, níbo lo wà?"

"Mo wà níwájú ẹ̀rọ ata, mà."

"Ẹ̀rọ ata? Mo ti dé, mo ti mu omi, mo ti sùn, mo ti jí. Olóyè ń wo aago bí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́."

"Báwo lẹ ṣe tètè dé?"

"Gbogbo ọkọ̀ ló ń ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dọ̀bálẹ̀ fún wa. Bàbá Mùdá kàn ń juwọ́ sí wọn bí ọba."

Ọgbọ́n sọ sí Olágòkè lórí gbàù. Ó yọrí lójú fèrèsé. "Màmá! Màmá aláta!"

Ìyá Sìdíkátù jáde, ó ń nu ọwọ́. "Ta ló lọ sùn sí iwájú ìsọ̀ mi?"

"Kò sùn, mà, ó ń kí ẹ̀rọ yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan án. Ariwo ẹ̀ ni ohùn ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ ká jọ gbé e lọ sáàárín ìlú. Tí àgbà bá wà nínú ọkọ̀ mi, kò sẹ́ni tó máa dá wa dúró."

"Kí n fi ata oníbàárà sílẹ̀?"

"Ìyàwó mi ń lọ, mà."

Màmá aláta wò ó látòkè délẹ̀. "Ìyàwó rẹwà?"

"Ó rẹwà, mà."

"Tó o bá ti bọ́ sílẹ̀, gbé e lápá ọ̀hún. Má fọwọ́ kan béèlì ẹ̀."

Ó yí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Gbàgàgàgàgà! Àṣá dìde, ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n tì í wọnú ọkọ̀ lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀, bó ṣe ń dún, tí ata ń ta sí Olágòkè lágbádá, wọ́n sì fò. Háà! Gbogbo Ṣakí dọ̀bálẹ̀. Ọkọ̀ ìkódọ̀tí dọ̀bálẹ̀, ìdọ̀tí dà lé e lórí. Bọ́ọ̀sì Bàbá Mùdá tó ń padà bọ̀ dọ̀bálẹ̀, okùn ilẹ̀kùn ẹ̀ já. Ẹ̀rọ ata ń dá gbogbo wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà: gbàgàgàgà! Bó ṣe ń dáhùn ló ń jẹ epo. Bí wọ́n ṣe balẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé-ìtura, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́ pátápátá. Epo tán.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí agogo lù. Olágòkè sáré wọlé. Ìyá Sìdíkátù ń ti ẹ̀rọ ẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, torí ó ní òun ò lè fi ogún ìyá òun síta fún olè.

Olóyè Oyèkúnlé dúró láàárín yàrá ńlá náà, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ẹbí jókòó yí i ká. Olágòkè ń mú agbádá sókè láti dọ̀bálẹ̀. Kó tó tẹ̀ ba, ẹsẹ̀ irin Olóyè, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tuntun nìkan ló ti ń bá pàdé, ti rí òǹtẹ̀ ọrùn ẹ̀rọ ata.

Gbì!

Olóyè ló balẹ̀ yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, imú kan kápẹ́ẹ̀tì, níwájú ọkọ ọmọ ẹ̀.

Ẹnì kan ní "Èèwọ̀!" Olágòkè náà ju ara ẹ̀ sílẹ̀ kíá, torí ọmọ wo ló máa dúró lókè orí àna? Orí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Agogo méjìlá lù.

"Olágòkè," Olóyè sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Sà."

"Kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ mi?"

"Òfin yín ni, sà. Ẹsẹ̀ yín ò tíì pé ọdún méjì. Ẹ̀rọ ata yẹn ti pé ogóje."

"Ní kó dá mi lóhùn kí n dìde."

"Epo ti tán nínú ẹ̀, sà."

Epo wo ni wọ́n máa rà? Ó ti tó àádọ́rin ọdún tí wọ́n ti ta irú epo bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn ní Ṣakí; ìyókù tí Ìyá Sìdíkátù ń tọ́jú sì wà nísọ̀ ẹ̀. Màmá Àbọ̀sẹ̀dé fa àga, ó jókòó síwájú àwọn méjèèjì, ó na ẹsẹ̀.

"Òróró ẹ̀pà á gbé e," ó ní. "Mo rí kẹ́ẹ̀gì kan ní kíṣìnnì. Ṣùgbọ́n ká parí ohun tó gbé wa wá ná. Olóyè, ṣé ọmọ wa dọ̀bálẹ̀?"

"Ó dọ̀bálẹ̀."

"Kí agogo tó lù?"

"Kó tó lù. Ẹ lọ gbé òróró wá."

"Ṣé ẹ ti fún wa lọ́mọ?"

"Ẹ jẹ́ kí n dìde ná kí n tó..."

"Ẹni tó wà nílẹ̀ náà lẹ́nu, Olóyè."

Fadérera ti fi gèlè bo ẹnu, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. "Bàbá mi, ẹ dá wọn lóhùn. Kápẹ́ẹ̀tì yẹn tutù o."

"Mo fún yín!" Olóyè pariwo. "Ẹ máa mú un lọ! Òróró!"

Wọ́n rọ òróró sí i. Ẹ̀rọ ata gbọ̀n rìrì, ó wúkọ́, gbogbo ilé-ìtura gba òórùn àkàrà, ó wá ké: gbàgàgàgà! Ẹsẹ̀ irin gbé Olóyè dìde.

Olágòkè kúnlẹ̀. "Sà, ẹ jẹ́ n tú òfin yìí. Ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́."

Olóyè wo àwọn àgbà. Gbogbo wọn ń wò ó. "Òfin tí mo fẹnu ara mi ṣe?" ó ní. "Òfin dáa. Ẹ kàn máa gbé nǹkan yẹn jìnnà sí mi."

Ṣùgbọ́n Ìyá Sìdíkátù ti rí ìyàwó, ó sì ti rí i pé ó rẹwà lóòótọ́. Ó ní apá òun ti dùn òun jù, òun ò ní ọmọ tó fẹ́ lọ ata mọ́. "Ẹ̀rọ yìí ló mú ọkọ dé," ó ní, "òun náà ni kó mú ìyàwó lọ." Fadérera ti dúpẹ́ kí bàbá ẹ̀ tó la ẹnu. Bí ẹ̀rọ ata ṣe bá wọn délé nìyẹn, tí wọ́n gbé e sí palọ̀, táwọn àgbà sì ní òfin ò ṣeé yí padà àfi tí Olóyè bá bẹ̀bẹ̀. Olóyè ò bẹ̀bẹ̀. Ọdún kan gbáko, kò tẹ ilé ọmọ ẹ̀.

Ìgbà tí Fadérera bímọ, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Olóyè dé ẹnu géètì, ó dúró títí. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sílẹ̀, ó tú ẹsẹ̀ irin méjèèjì, ó gbé wọn kọ́ sára géètì bí ẹni tó ń sá aṣọ. Olágòkè jáde wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n.

"Má jù mí o," Olóyè ní.

"Ẹ dì mọ́ mi lọ́rùn, sà."

Bó ṣe pọ̀n àna ẹ̀ wọ palọ̀ nìyẹn, bí ìyá ṣe ń pọ̀n ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ojú gbogbo èèyàn wà lára ìkókó. Nígbà tí wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ata, Olóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó ń wo òun. Ó rọra ṣí fìlà.