Ẹní Orí Ọkọ̀ Alassane

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ọkọ̀ ni Ìyábọ̀dé kọ́kọ́ rí.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ti gun orí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́, òkúta ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa á lára. Ìyábọ̀dé ń sá èso kajú sí ojúde ilé wọn ní àdúgbò Plateau nígbà tí ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì tí ó mọ̀ láti kékeré. Peugeot bàbá rẹ̀ ni, aláwọ̀ ewé, tí ẹní gbọọrọ kan wà lórí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ sí ìró, ó dìde láti pàdé rẹ̀.

Àfi bí ọkọ̀ náà ti yà wọlé tí ó rí i pé gbogbo gíláàsì rẹ̀ wà ní títì pa.

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Alassane bàbá rẹ̀ kò jẹ́ wa ọkọ̀ wọ ìgboro nínú irú ooru yìí kí ó ti gíláàsì. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, Ìyábọ̀dé ti mọ̀ pé kì í ṣe bàbá òun ló wà nídìí ọkọ̀.

Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀. Ó ga, ó dúdú, ẹ̀wù funfun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde láti inú odò. Ọwọ́ méjèèjì ni ó fi na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì tẹrí ba.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé Bàbá Alassane nìyí?"

"Níbo ni wọ́n wà?"

Ọkùnrin náà la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Kò tíì sọ ọ́ tí omi fi bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀.

Rafiou ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Pobè ni, ìjọba ló gbé e wá sí Ṣábẹ̀ẹ́ láti máa kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ẹ̀kọ́. Àárín òun àti Alassane kò ju ti èrò àti awakọ̀ lọ. Láti Parakou ni wọ́n ti ń bọ̀, òun ló jókòó níwájú. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ Kilibo, bàbá náà fi ọwọ́ di àyà, ó dẹ eré, ó rọra darí ọkọ̀ sí abẹ́ igi igbá kan, ó sì pa á. Rafiou tẹ́ ẹní orí ọkọ̀ sílẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ni bàbá náà ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

"Wọ́n ní, 'Ẹ má jẹ́ kí èrò wà lóòrùn.' Ìyẹn nìkan ni. Nígbà tí a fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti lọ. Àwọn èrò yòókù wọ ọkọ̀ mìíràn. Èmi ní n kò lè fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀ lójú títì bí ẹrù tí kò ní olówó."

Ìyábọ̀dé wò ó títí. Ìbéèrè tí ó bọ́ sí i lẹ́nu ya òun pàápàá lẹ́nu.

"Kí ló dé tí ẹ fi ti gíláàsì?"

"Mo ti í nígbà tí a ń wọ ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ ṣí i, kò gbọ́ tèmi."

"Ẹ máa gbé ọwọ́ gíláàsì náà sókè díẹ̀ kí ẹ tó yí i," ni Ìyábọ̀dé wí, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ láàárín èso kajú, ó bú sẹ́kún.

*

Lẹ́yìn àdúrà fìdáù, Moustapha, àbúrò Alassane, pe Ìyábọ̀dé sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Ìyábọ̀dé ti kú tipẹ́. Bàbá kékeré yìí ló kù tí ó lè pàṣẹ nínú ilé.

"Ọmọ mi, Fadel fẹ́ ra ọkọ̀ bàbá rẹ. Ó sì ń béèrè ìwọ náà. Ṣé o rí i pé Ọlọ́run kò gbàgbé wa?"

Fadel ló ni àwọn ọkọ̀ tuntun tó ń ná ọ̀nà Parakou. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀rọ òtútù, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní kílíìmù.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo ní ìwé awakọ̀. Bàbá mi ló kọ́ mi. Èmi ni n ó máa wa ọkọ̀ náà."

"Ìwọ? Obìnrin?" Moustapha fi ẹ̀rín gbè é lẹ́sẹ̀. "Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí! Ta ni yóò fi òtútù Fadel sílẹ̀ tí yóò wá wọ ààrò rẹ?"

"Bàbá mi kò fi èrò sínú ààrò rí."

Moustapha họ irùngbọ̀n. Òótọ́ ni. "Ó dáa. Di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Bí èrò kò bá tẹ̀lé ọ di ìgbà náà, Fadel ni yóò gbé e, má sì sunkún sí mi lára."

Báyìí ni Ìyábọ̀dé ṣe gbé ọkọ̀ lọ sí ibùdókọ̀. Àwọn awakọ̀ Fadel a máa to ọkọ̀ sójú oòrùn níbi tí èrò yóò ti tètè rí wọn. Wọn a tan kílíìmù sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì a sì máa ké láti òwúrọ̀ títí ọkọ̀ yóò fi kún, epo tí owó rẹ̀ ti gun òkè ń jó dànù. Ìyábọ̀dé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́ máńgòrò ló ń gbé ọkọ̀ sí. Bí òjìji bá ti ń sún, òun náà a sún ọkọ̀ tẹ̀lé e. Á da omi sí ẹní orí ọkọ̀. Á fi ìró àtijọ́ bo gíláàsì iwájú. Bí èrò bá pé, á ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, á máa ti ọ̀kan, á tún ṣí i, á tún ti í, bí ẹni tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí ooru sọ̀ kalẹ̀ kí èrò tó gòkè," ni ó máa ń wí. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ni.

Nínú ìgboro, gíláàsì á wà ní ṣíṣí. Ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń sáré lójú títì ńlá kí ó tó ti í, kí ó sì tan ẹ̀rọ òtútù àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sínú rẹ̀ díẹ̀. Inú ọkọ̀ a tutù kíákíá, nítorí kò sí ooru tí ẹ̀rọ náà yóò bá jà.

Kò pẹ́ tí Rafiou fi ń wá sí ibùdókọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́.

"Ẹ kú ọ̀sán, ìyá ọkọ̀. Mo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí gíláàsì."

"Ọ̀gá olùkọ́, mo kọ́ yín lánàá."

"Orí mi le. Ẹ tún un kọ́ mi."

"Ṣé bí àwọn ọmọ iléèwé yín náà ṣe máa ń ṣe nìyí?"

"Bí olùkọ́ wọn bá lẹ́wà báyìí, wọn kì bá mọ ìwé kankan."

Ìyábọ̀dé yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó má baà rí ẹ̀rín òun. Àwọn èrò rí i. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀fọ̀ inú rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀.

*

Ìfẹ́ ni Rafiou fi ṣe àṣìṣe rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí Ìyábọ̀dé lọ sí ìdí sàréè bàbá rẹ̀, Rafiou fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní. Nígbà tí ó gbé ẹní sọ̀ kalẹ̀, ó rántí. Ẹní yìí kan náà ni òun tẹ́ sábẹ́ igi igbá. Ní ìdílé wọn ní Pobè, ẹní tí èèyàn bá kú lé lórí, wọn kì í tún lò ó. Sísun ni wọ́n ń sun ún, kí ọkàn ẹni tó lọ lè sinmi. Ó rò ó pé kò sí ẹni tó bá Ìyábọ̀dé ṣe é. Ó gbé e sẹ́yìn ilé, ó ṣàdúrà sí i, ó sì dáná sun ún.

Nígbà tí Ìyábọ̀dé dé, eérú ló kù.

"Ta ló sọ fún yín pé kí ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Mo rò pé ẹ kò mọ̀ pé orí rẹ̀ ni bàbá…"

"Mo mọ̀! Ìdí tí mo fi ń gbé e lórí nìyẹn! Ibi tí wọ́n sùn kẹ́yìn ni, òun náà ló sì ń bo èrò mi lórí. Ẹ ti sin bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì." Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà. "Ẹ máa lọ."

Rafiou lọ.

Láìsí ẹní, òrùlé ọkọ̀ ń gbóná bí agbada. Ìyábọ̀dé fi aṣọ bò ó, aṣọ gbẹ kí ọkọ̀ tó kún. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ sọ́dọ̀ Fadel lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkùukùu ń ṣú ní ìhà gúúsù. Òjò kò ní pẹ́ rọ̀.

Rafiou ní tirẹ̀ gba àdúgbò Ofè lọ, sọ́dọ̀ Màmá Zénabou, arúgbó tí ó ń hun ẹní.

"Màmá, mo fẹ́ ra ẹní bíi ti Alassane."

Arúgbó náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹní Alassane kì í ṣe títà. Ọdọọdún ló máa ń jókòó síbi tí o dúró sí yìí, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ún. Ó ní èrò òun ni òun ń kọ́lé fún. Ṣé o lè jókòó?"

Rafiou jókòó. Koríko gé e ní ìka, ó dì í, ó tún padà wá ní ọjọ́ kejì. Arúgbó náà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwọ tí o mọ ìwé, ṣé etí ẹní nìyí tàbí ọ̀nà ejò?" Ṣùgbọ́n kò tú u.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyábọ̀dé bá Rafiou lábẹ́ máńgòrò, ẹní tuntun wà ní apá rẹ̀. Etí kan ẹní náà wọ́ bíi ẹsẹ̀ akàn.

"N kò gbé e wá láti fi rọ́pò tàkọ́kọ́," ni ó wí. "N kò lè rọ́pò rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé bàbá ní kí èrò má ṣe wà lóòrùn."

Ìyábọ̀dé gba ẹní. Ó rí ìka rẹ̀ tí ó fi àkísà dì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ etí ẹní tó wọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ta ló kọ́ yín ní iṣẹ́ burúkú yìí?"

"Ẹni tó kọ́ bàbá yín ni."

Ó rẹ́rìn-ín, omijé bá ẹ̀rín náà jáde. "Ẹ bá mi gbé etí kejì. Ẹ jẹ́ ká so ó mọ́ orí ọkọ̀."

*

Àwọn awakọ̀ fi ẹní wíwọ́ náà ṣẹ̀sín ní ọjọ́ yẹn. Èrò méjì péré ni Ìyábọ̀dé rí gbé lọ sí Parakou. Bí ó ti kọjá Kilibo, ó rí ọkọ̀ tuntun kan tó dúró gbagidi létí títì, àwọn èèyàn rẹ̀ tò sínú oòrùn. Ọkọ̀ Fadel ni. Fadel fúnra rẹ̀ ló wà á lọ́jọ́ náà, nítorí Moustapha fẹ́ lọ kí àna rẹ̀ ní Parakou, Fadel sì fẹ́ fi òtútù ọkọ̀ rẹ̀ ṣe é lálejò. Gbogbo òwúrọ̀ ni wọ́n fi jókòó sínú kílíìmù ní ibùdókọ̀, tí wọ́n ń dúró de èrò. Epo ti tán kí ọ̀nà tó dé ìdajì, kò sì sí ẹlẹ́po nítòsí.

Ìyábọ̀dé rántí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bàbá rẹ̀, ó dúró.

"Bàbá, ẹ káàsán. Ẹ wọlé. Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n Fadel, àti gbogbo èrò yín."

Moustapha ti fẹ́ gòkè nígbà tí Ìyábọ̀dé ṣí ilẹ̀kùn gbogbo, tí ó ń fi ọ̀kan fẹ́ atẹ́gùn.

"Kí lò ń dúró ṣe? Oòrùn ń pa wá!"

"Ẹ jẹ́ kí ooru sọ̀ kalẹ̀ kí èrò tó gòkè, Bàbá."

Moustapha dúró dè é. Ó jókòó níwájú. Ọkọ̀ gbéra, atẹ́gùn tútù fẹ́ wọlé. Nígbà tí eré pọ̀, Ìyábọ̀dé gbé ọwọ́ gíláàsì sókè díẹ̀ kí ó tó yí i. Moustapha ń wo ọwọ́ náà. Ó fi etí agbádá nu ojú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyí."

Láti ẹ̀yìn, Fadel mí kanlẹ̀. "Mo fẹ́ fi í ṣe ìyàwó, ó wá di ọ̀gá mi lójú títì. Ọjọ́ tèmi ti bàjẹ́ o!" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ti ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta sórí ẹní. Ìyábọ̀dé di ìdarí ọkọ̀ mú ṣinṣin.

"Bàbá, òjò ti dé."

"Mo gbọ́ ọ. Ta ló ń ta ọkọ̀?" Moustapha na ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. "Wa ọkọ̀ rẹ, jẹ́ kí n sùn."

*

"Mo fẹ́ máa jókòó níwájú," ni Rafiou wí lábẹ́ máńgòrò, nígbà tí ó gbọ́ gbogbo ìtàn náà.

"Iwájú ti kún."

"Di ìgbà wo?"

"Di ìgbà tí ẹ bá lè ṣí gíláàsì."

Rafiou wọlé, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó yí i. Gíláàsì sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ẹlẹ́tàn! Ẹ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́!"

"Láti ọjọ́ tí o sọ ọ́ fún mi nínú ẹkún, adúmáradán. N kò gbàgbé rí."

Ìyábọ̀dé wò ó. "Ó dáa," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Jókòó síbẹ̀. Má sọ̀ kalẹ̀ mọ́."

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n ní kí Fadel fi ọkọ̀ tuntun gbé ìyàwó lọ sí Pobè. Moustapha kọ̀. "Ọmọ Alassane ni. Ọmọ Alassane kì í ṣe ẹrù. Òun ni yóò wa ara rẹ̀ dé ilé ọkọ, kí gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ dúró wò ó!" Ó sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò Adido tó wá bá wọn yọ̀ fi pàtẹ́wọ́.

Ìyábọ̀dé jáde nínú aṣọ funfun. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ní ọwọ́ Rafiou. Ọwọ́ méjèèjì ni ọkọ rẹ̀ fi na án sí i bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Màmá Zénabou gbé igbá omi fún un. Ó da omi náà sórí ẹní wíwọ́, díẹ̀díẹ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, èyí tó wà níbi tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí ló ṣí kẹ́yìn, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

Kò sí ẹni tó sọ fún wọn kí wọ́n dúró. Gbogbo wọn bá a dúró, títí ooru fi sọ̀ kalẹ̀.