Ọdún Mọ́kànlá Tí Mo Fi Gbé Ìyá Fiachra Lọ Sí Mísà

Ìjà la fi pàdé. Fiachra Tuohy wọ ilé ìkàwé wa ní ìlú Kilrainey, òjò ń kán lára rẹ̀, ó gbá ìwé kan tó kọ fúnra rẹ̀ mọ́ tábìlì mi.

"Ta ló to ìwé mi sáàárín ìwé ọ̀gbìn?"

"Èmi ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ya ọ̀dùnkún sí iwájú ẹ̀."

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọ̀ mí lára, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Ọdún mọ́kànlá! Ẹni tó bá gbin igi ápù lọ́jọ́ náà ti ń jẹ èso rẹ̀.

"Dervla mi, ṣe sùúrù," ohun tó máa ń sọ nìyẹn. "Màmá ò ní gbà kí obìnrin méjì wà nínú kíṣìnì kan. Jẹ́ kí n wá ọjọ́ tó dáa, kí n bá wọn sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa."

Ọjọ́ tó dáa ò dé. Òtútù ń mú Màmá lónìí, ìsìnkú wà ládùúgbò lọ́la. Dervla ilé ìkàwé ni Màmá mọ̀ mí sí, ẹni tó ń fi mọ́tò gbé wọn lọ sí Mísà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ náà sú mi.

Nígbà tí iṣẹ́ kan yọ fún mi ní Dublin, mo sọ fún un pé, "Ọjọ́ Ajé ni mo máa fèsì. Tí o ò bá tíì bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀, mo ti lọ nìyẹn."

Ó ní òun ti gbọ́. Ó máa ń gbọ́ ṣá.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n pè é síbi àjọ̀dún ìwé nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa, kó wá sọ̀rọ̀ lórí ìwé rẹ̀ tuntun. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí ìwé náà dá lé: ọkùnrin kan tí kò lè fẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀ nítorí ìyá rẹ̀! Èmi àti Màmá jókòó níwájú, lẹ́tà tí wọ́n fi fún mi níṣẹ́ ní Dublin wà nínú báàgì mi.

Fiachra kà á sí wa létí. Tí wọ́n bá ti dárúkọ ìgbéyàwó, ìyá inú ìwé á dùbúlẹ̀, á ní òun ń kú lọ. Fàdá á gbé òróró àwọn aláìsàn dé, ìyá á sì dìde, á po tíì fún un. Ìgbà mẹ́fà ni fàdá wá. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Màmá ló rẹ́rìn-ín jù. Wọ́n fi ìgúnpá gún mi. "Ìyá Concannon ilé kejì nìyẹn! Wo bó ṣe mú un. Ìkà obìnrin!"

Ṣé kí n rẹ́rìn-ín ni, àbí kí n figbe ta?

Nígbà tó kan ìbéèrè, Màmá nawọ́ sókè. Ẹ̀rù hàn lójú Fiachra.

"Ìbéèrè kọ́ o, ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ," wọ́n ní. "Ìyá yẹn burú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀ gan-an ni òmùgọ̀. Ṣé ó tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ rí?"

"Rárá, Màmá," Fiachra dáhùn.

"Ẹn-ẹ́n! Ká ní èmi ni mo bí i ni, ǹ bá ti lé e jáde pé kó lọ fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ!"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ bí mi."

Màmá wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n tún wò ó.

"Kí lo wá jókòó síbẹ̀ yẹn fún?"

Ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, máìkì ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀. "Dervla, olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Inú bí mi, inú mi sì dùn. "Fún mi ní ọdún mọ́kànlá kí n fi rò ó," mo dá a lóhùn.

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Mo jẹ́ kó rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀ sí i.

Màmá ti wà nídìí tábìlì tíì ní tiwọn, wọ́n ń ṣa kéèkì tó kù. "Ìyá Concannon ló kọ nípa ẹ̀ ṣá o," wọ́n ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Wọ́n yíjú sí mi. "Dervla, ọmọ mi, ṣé bébà kan wà lọ́wọ́ ẹ tí mo lè fi wé èyí lọ sílé wa?"

Mo ki ọwọ́ bọ báàgì, mo yọ lẹ́tà Dublin.

"Dervla, ṣé kì í ṣe lẹ́tà yẹn...?" Fiachra bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wé e dáadáa, Màmá," mo ní.