Ọ̀rá Tí Wọ́n Fi Di Egbò

Nígbà tí à ń wí yìí, bàbá tó bí ìyá Kọ̀ńdọ́ ṣì wà láàyè. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú tán lọ́kọ̀ọ̀kan, ológbò tó máa ń sùn lẹ́sẹ̀ ibùsùn rẹ̀ pàápàá ti kú. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tó ń kó ẹrù lọ sí ìlú ńlá láyé ọjọ́un, nígbà tí afárá orí omi kò tíì ju ẹyọ kan lọ. Kò sí òpópónà ibẹ̀ tí kò mọ̀ bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́. Àmọ́ orí ibùsùn ló wà báyìí, ní yàrá iwájú, egbò kan sì wà ní ojúgun rẹ̀ tó ti pé ọdún méjì tí kò jiná.

Bí a bá ní egbò náà ń rùn, a ò tíì sọ nǹkan kan. Òórùn rẹ̀ a máa pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ bá a gbẹ́rù.

Kọ̀ńdọ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Bàbá ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí láti kékeré lọmọbìnrin náà ti máa ń dì mọ́ ilẹ̀kùn lọ́rì bàbá, tí yóò máa kígbe bí agbowó ọkọ̀ pé, "Ó wà o!" Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Ìyá rẹ̀ ń fọṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì, ìdájí ló ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Nítorí náà, Kọ̀ńdọ́ ló ń se omi iyọ̀ láràárọ̀, òun ló ń rọra ṣí báńdéèjì tó ti lẹ̀ mọ́ ẹran ara, òun ló ń nu ọyún. Ó ń rí i lára gan-an. Tó bá ṣe é tán, yóò fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ti kìlọ̀ fún un pé ojoojúmọ́ ni kó máa fọ egbò náà, kó má sì fi ohunkóhun tí kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé bò ó.

Bí ìdánwò àṣekágbá ṣe parí, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì pinnu láti lọ wo ìlú ńlá fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀kan ń jẹ́ Afínjú, èkejì ń jẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín. Ilé àǹtí Afínjú ni wọn yóò dé sí. Ìyá Afínjú ní òun ò kọ̀, bí awakọ̀ àgbà yẹn bá lè la ọ̀nà yé wọn: ibi tí wọn yóò ti bọ́lẹ̀, ibi tó yẹ kí wọ́n wò, àti ibi tí ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí bàbá gbọ́, ó dà bí ẹni tí wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà fún. Ó ní kí wọ́n wá pépà ńlá àti bírò pupa, kí àwọn ọmọ máa bọ̀ ní Ọjọ́rú.

Inú Kọ̀ńdọ́ kò dùn. Afínjú yìí ló yí àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ẹlẹ́ja ní kíláàsì, tó sì ń tu itọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Bó bá wọlé tó gbóòórùn bàbá, ìrìn àjò parí nìyẹn, ẹ̀sín á sì bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti ń ronú ló ti rántí ìtàn kan tí bàbá fẹ́ràn. Nígbà tó ń wakọ̀, bí ọ̀pá omi ẹ́ńjìnnì bá ń jò níbi tí kò sí mẹkáníìkì, bàbá a fi ọ̀rá wé e, a fi rọ́bà dì í pinpin, a sì wakọ̀ náà wọlé. Kọ̀ńdọ́ mú ọ̀rá àti rọ́bà wá síwájú bàbá, kò lè gbójú sókè.

Bàbá wo ọ̀rá, ó wo ọmọ. "Èmi ni mo ń tì ọ́ lójú, àbí?"

Kọ̀ńdọ́ ń lọ́ rọ́bà náà mọ́ ìka.

"Dì í dáadáa, Kọ̀ńdọ́. Ọkọ̀ tó ń jò náà ń délé."

Ó dì í, ó da lọ́fínńdà sí i, ó fi aṣọ bò ó. Àwọn ọ̀rẹ́ dé, wọn ò gbóòórùn kankan. Bàbá ya ọ̀nà, ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá ń wo òkè ilé ní ìlú ńlá, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ lápò. Afínjú rẹ́rìn-ín títí, ó ń pè é ní bàbá wa. Wọ́n wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá lọ́jọ́ kẹta, títí di ọjọ́ Àìkú.

Kọ̀ńdọ́ ti rò ó pé tí wọ́n bá ti lọ ni òun yóò tú u. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé etí ọ̀rá sókè lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ohun tó jáde níbẹ̀ gbá a nímú. Ó tẹ̀ ẹ́ padà, ó ní ó di ọ̀la. Ìyá rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ó fa imú, ó ní òórùn yẹn ti lọ o, ọwọ́ ọmọ òun tutù fún egbò. Ojoojúmọ́ ló ń kí i bẹ́ẹ̀. Ìkíni náà korò lẹ́nu Kọ̀ńdọ́, àmọ́ ó ń gbé e mì.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọn yóò lọ. Ara bàbá gbóná bí iná, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó ń bá àwọn awakọ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Kọ̀ńdọ́ ká aṣọ kúrò. Ọ̀rá náà ti wú, omi dúdú kún inú rẹ̀, nǹkan funfun kan sì ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Ìdin ni. Níta, ọkọ̀ fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó fun un lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá ké sí ará ilé kejì báyìí, wọn yóò gbé bàbá lọ sí ọsibítù, kò sì ní rí ìlú ńlá. Ó mú ọ̀rá mìíràn, ó dì í lé ti àkọ́kọ́, ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Ó sọ fún bàbá pé nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́la. Ó gbé báàgì, ó jáde.

Ó rí ìlú ńlá. Ó rí afárá, ó rí àwọn ilé tó ga bí òkè. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lórí afárá lẹ́bàá ààtàn kan tí àwọn ènìyàn ń gbé, Afínjú di imú, ó ní, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbin. Ṣé ènìyàn ni wọ́n?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Kọ̀ńdọ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀, ó sì rí i lára ju ìdin lọ. Ó di irin afárá mú, ó bì.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ìyá rẹ̀ rò pé ibà lásán ni, ó fún bàbá lóògùn ibà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó pe Kọ̀ńdọ́ lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ti gé ọ̀rá náà, awọ ẹsẹ̀ sì bá a wá. Kọ̀ńdọ́ nìkan ló padà. Kó tó dé, dókítà ti gé ẹsẹ̀ bàbá lókè orúnkún, àmọ́ májèlé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Ìyá rẹ̀ fà sẹ́yìn.

"Ojoojúmọ́ ni mo ń kí ọ," ó ní. "Má fọwọ́ kàn mí."

Afínjú kò wá wo bàbá tó ń pè ní bàbá wa. Ohun tó béèrè ni pé ṣé àrùn náà kì í ràn.

Kọ̀ńdọ́ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń sunkún. Bàbá fi ìka pè é sún mọ́ ọn. "Kì í ṣe ìwọ nìkan," ó ní. "Èmi náà ì bá ti kọ̀ fún ọ. Ó wù mí kí ilé kún ni."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, ẹ gbọ́ o. Egbò kì í ṣe ìtìjú, òórùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá tìtorí imú ọ̀rẹ́ bo ohun tó ń pa ẹbí rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun gan-an ni ẹ̀gbin. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ké, kódà bí ọkọ̀ bá ń fun fèrè.

Láti ọjọ́ náà, Kọ̀ńdọ́ ló ń bá àwọn nọ́ọ̀sì nu kùkùté ẹsẹ̀ náà, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, láìdi imú. Ó ṣe é fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, kí omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bàbá kú.