Àwọn Ife Orí Ibojì

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí aránṣọ náà ti mu odidi garawa omi kan tán, síbẹ̀ ètè rẹ̀ gbẹ, ó ń bó bí èèpo igi. Bàbá rẹ̀, alàgbà tó ń bójú tó itẹ́ òkú ìjọ, fọwọ́ kan ahọ́n ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo yìí. Ó le bí awọ.

"Dókítà ní kò sóhun tó ṣe é," ni ìyá ọmọ náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bàbá, àwọn ife yẹn ńkọ́?"

Ní apá àtijọ́ itẹ́ òkú náà, wọn kì í lo òkúta. Ife amọ̀ ni wọ́n fi ń sàmì sórí òkìtì kọ̀ọ̀kan, wọn a sì gbé àwo àti ṣíbí ti òkú sínú ibojì. Àwọn ìran tó tẹ̀ lé wọn ri àgbélébùú igi mọ́lẹ̀, ife wá di tánganran. Nígbà tí sìmẹ́ńtì dé, wọ́n ń tẹ ife bọ inú rẹ̀ kó tó gbẹ. Lórí mábù òde òní, ẹsẹ Bíbélì nìkan ló kù. Lójú alàgbà, ìwà kèfèrí tó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn, òun sì ni Olúwa rán láti parí ẹ̀. Ló bá hú gbogbo ife náà, ó dà wọ́n sínú àpò kan, ó ní kí bíríkìlà ri àgbélébùú tuntun sórí gbogbo ibojì.

"Alàgbà, ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí wọn lára, ká lè mọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan," ni bíríkìlà wí.

"Ṣé òkú máa wá bi ẹ́ pé ife òun dà ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, òùngbẹ dé bá aránṣọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, alàgbà ru àpò náà padà lọ sí itẹ́ òkú. Gbogbo àgbélébùú rí bákan náà ṣáá. Ife wo ni ti ta? Ó kàn ń gbé wọn kalẹ̀ ni, ó bu omi sí wọn, ó kúnlẹ̀ títí orúnkún fi kú. "Olúwa, nítorí ilé rẹ ni mo ṣe ṣe é." Omi inú ife kò dín.

Nígbà tó délé, ọmọ rẹ̀ ti wà lórí garawa kẹrin. Ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn.

"Ọmọ mi, gbogbo omi yìí, ṣé kò tíì tó ẹ ni?"

Ó gbé ojú sókè.

"Àwọn tó ń mu ún pọ̀, Bàbá. Kò tíì kàn mí."